Nígbà Tí 911 Bá Kọ̀ Tí Kò Sítáàtì

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes 911 tó ṣì ń kó gẹdú jáde nínú igbó Oǹdó ló dàgbà ju àwọn awakọ̀ tó ń wà wọ́n lọ. Ẹ́ńjìnnì wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Dísẹ́ẹ̀lì ló ń mu, kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná, kò sì ní kọ̀ǹpútà kankan. Nítorí náà, bí awakọ̀ bá yí kọ́kọ́rọ́ tí ẹ́ńjìnnì kò yí, ibi tí a ó wò kò pọ̀. Síbẹ̀, bátìrì tuntun ni ọ̀pọ̀ olówó ọkọ̀ máa ń sáré lọ rà. Ọkọ̀ á dáhùn fún ọjọ́ bíi mélòó kan, lẹ́yìn náà ó tún kọ̀. Lójú tèmi, nínú ọkọ̀ tó ti gbó, ibi tí wáyà ti pàdé irin ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí, ká tó dá bátìrì tàbí kíkì (mọ́tò tó ń yí ẹ́ńjìnnì nígbà tí a bá ń sítáàtì) lẹ́bi.

Bí iná ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Tí a bá yí kọ́kọ́rọ́, iná díẹ̀ ló ń gba inú suwíìṣì lọ sí sólẹ́nọ́ìdì, ìyẹn agolo kékeré tó jókòó lórí kíkì. Iná yìí á sọ inú agolo náà di mágínẹ́ẹ̀tì, mágínẹ́ẹ̀tì á fa irin kan wọlé, irin náà á ti eyín kíkì wọ ara fúláíwíìlì, á sì pa ojú kọ́pà méjì pọ̀. Ìgbà yẹn ni iná ńlá, tó lè ju 300 áńpíà lọ, á gba wáyà gbọ̀ngbọ̀n láti bátìrì wọ kíkì. Kò sì dúró síbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ padà sílé: láti ara kíkì bọ́ sí ara ẹ́ńjìnnì, láti ẹ́ńjìnnì sí ṣáàsì, láti ṣáàsì sí orí nẹ́gétíìfù bátìrì. Ọ̀nà àbọ̀ yìí là ń pè ní ẹ́ẹ̀tì, òun sì ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé jù.

Kí ẹ tó tú nǹkan kan, ẹ fetí sílẹ̀. Bí kíkì bá ń ké “ka-ka-ka-ka” léraléra, iná tó dé ibẹ̀ kò tó: bátìrì ti rọ̀, tàbí orí rẹ̀ dọ̀tí. Bí ó bá ké “kó!” lẹ́ẹ̀kan tó sì dákẹ́, sólẹ́nọ́ìdì ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n iná ńlá kò kọjá, ojú kọ́pà inú rẹ̀ lè ti jóná, búrọ́ọ̀ṣì kíkì lè ti jẹ tán, tàbí kí ẹ́ẹ̀tì ti bàjẹ́. Bí kò bá sí ìró kankan, ẹ wo suwíìṣì kọ́kọ́rọ́ àti wáyà tín-ín-rín tó lọ sí sólẹ́nọ́ìdì. Bí kíkì bá ń yí fẹẹrẹ tí ẹ́ńjìnnì kò sì mì, eyín rẹ̀ ni kò wọlé, ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ iná.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tan iná iwájú, kí ẹnìkan dúró níwájú ọkọ̀ kó máa wò ó bí ẹ ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná bá kú pátápátá, bátìrì tàbí orí bátìrì ni. Bí ó bá mọ́lẹ̀ roro bíi pé ẹ kò ṣe nǹkan kan, a jẹ́ pé iná kò wọ kíkì rárá.

Bátìrì 12 fóòltì tó kún, tí a ti fi sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, máa ń fi bíi 12.6 hàn lórí mítà. Tí ó bá jẹ́ 12.0, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Bí ọkọ̀ yín bá ń lo méjì tí a so tẹ̀lé ara wọn di 24, ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ọ̀kan tó ti kú lè fara pamọ́ sẹ́yìn èkejì, òun náà ló sì máa ń ba èkejì jẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi dára ká pààrọ̀ méjèèjì pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ẹ́ẹ̀tì. Orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì jókòó lé, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní síìtì ẹ́ńjìnnì, rọ́bà kì í sì í gbé iná. Nítorí náà, wáyà pẹlẹbẹ kan gbọ́dọ̀ so ẹ́ńjìnnì mọ́ ṣáàsì. Tí wọ́n bá sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ fún àtúnṣe, wáyà yìí ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé láti dè padà, tàbí kí wọ́n dè é mọ́ orí ọ̀dà àti ìpata. Iná á wá wá ọ̀nà mìíràn, á gba kébù tàbí irin tín-ín-rín èyíkéyìí tó bá kan ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá rí kébù àkísẹ̀lẹ́tọ̀ tó gbóná tàbí tó ń rú èéfín nígbà tí ẹ ń sítáàtì, ẹ má wá ẹjọ́ lọ síbòmíràn. Àyẹ̀wò rẹ̀ rọrùn: ẹ fi wáyà jọ́ńpà kan so orí nẹ́gétíìfù tó lọ sí ṣáàsì mọ́ irin ẹ́ńjìnnì tó mọ́ tónítóní. Bí kíkì bá yí dáadáa, ẹ ti mọ ọ̀daràn náà. Ẹ tú bóòtì, ẹ fi sáńpépà fá irin títí yóò fi dán, ẹ dè é le, kí ẹ wá fi gíríìsì bò ó lókè.

Fún wáyà pọ́sítíìfù, ẹ gbé ẹnu mítà kan sórí òjé bátìrì gan-an, kì í ṣe sórí ìdè rẹ̀, kí ẹ gbé èkejì sórí bóòtì kíkì, kí ẹnìkan sì yí kọ́kọ́rọ́. Bí mítà bá ju 0.5 fóòltì lọ, iná ń ṣòfò lójú ọ̀nà. Bí gbogbo ọ̀nà bá mọ́, tí bátìrì sì pé, ìgbà yẹn ni ẹ lè sọ kíkì kalẹ̀.

Tí ọkọ̀ bá ti dáhùn, ẹ wọn bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ó yẹ kí 12 máa gba bíi 13.8 sí 14.4, kí 24 sì jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí awakọ̀ àti ọmọ iṣẹ́ rewáyà (àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe). Àwọn kan máa ń wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ fi sùkúrúdíráfà so bóòtì méjì orí kíkì pọ̀. Bí ọkọ̀ bá wà nínú jíà, á fò síwájú, á sì gun ẹni tó wà nílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi jíà sí nútírà, ẹ fa búréèkì ọwọ́, ẹ fi òkúta dí táyà níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ ọkọ̀ náà.