Àpótí rẹ́kọ́ọ̀dù bàbá yín, ẹ má tíì tà á

Ní àwọn ilé àtijọ́ tó wà ní Òkèṣà, Ìjígbò àti Òkèyínmi nílùú Adó-Èkìtì, títí dé Ìyìn, Ìgèdè àti Ìlawẹ̀, kò ṣòro kéèyàn rí àpótí kan tí wọ́n tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá àgbà tàbí tí wọ́n gbé sójú àjà. Rẹ́kọ́ọ̀dù ló kún inú rẹ̀. Bí bàbá bá kú, tí àwọn ọmọ dé láti Èkó àti Àbújá láti palẹ̀ yàrá mọ́, aṣọ ni wọ́n ń kọ́kọ́ pín, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá ìwé ilẹ̀. Kì í sí ẹni tó ń du àpótí rẹ́kọ́ọ̀dù. Ẹni tó ń ra irin àlòkù kiri ló máa ń gbé e lọ, tàbí kí wọ́n kó o dà síná.

Bẹ́ẹ̀, owó kòkó ló ra púpọ̀ nínú rẹ̀. Láyé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, bí kòkó bá ta dáadáa, tí àgbẹ̀ ti ra páànù ilé, tó ti san owó iléèwé ọmọ, giramafóònù ló tún kàn. Nígbà tí iná mànàmáná kò tíì dé ìlú púpọ̀, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ wáìn ni wọ́n ń lò. Rẹ́kọ́ọ̀dù tó bá a rìn ni èyí tó ń yí nígbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan. Oje tí kòkòrò kan ń sun sára igi ní ilẹ̀ Íńdíà wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe é, ìdí nìyẹn tó fi máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ bí àwo tánganran. Lẹ́yìn rẹ̀ ni oníke dé, kékeré tó ń yí nígbà 45 àti ńlá tó ń yí nígbà 33 àti díẹ̀. Bí ọmọdé bá ṣi ẹ̀rọ gbé, tó fi ti 45 sí 78, ohùn Haruna Ishọla á di ohùn ọmọ ẹyẹ, gbogbo ilé á sì bú sẹ́rìn-ín.

Kí ló máa ń wà níbẹ̀? I. K. Dairo ará Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ní oyè MBE lọ́dún 1963, kì í sábà wọ́n. Haruna Ishọla kì í wọ́n rárá. Ẹlẹ́mùrẹ́ Ògúnyẹmí, tó fi èdè Èkìtì kọrin fún àwọn ará ilé rẹ̀, kò ní ṣàìsí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ìsàlẹ̀ àpótí náà dáadáa. Ibẹ̀ ni tàwọn àbúrò bàbá tó lọ sí iléèwé gíga láàárín 1970 sí 1979 máa ń wà: orin rọ́ọ̀kì. Ariwo ni àwọn àgbà ìgbà náà pè é. Ariwo yìí gan-an ni àwọn òyìnbó ń wá kiri báyìí.

Lọ́dún 1973 ni Paul McCartney, ọ̀kan nínú àwọn Beatles tó ti túká nígbà náà, wá sí Èkó, ó sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú orin Band on the Run sílẹ̀ ní iléeṣẹ́ EMI ní Àpápá. Àwọn olè dá a lọ́nà lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n yọ ọ̀bẹ sí i, wọ́n sì gba téèpù tó gba orin sí lọ. Fẹlá náà tún fẹ̀sùn kàn án pé orin ilẹ̀ Áfíríkà ló wá jí, ni McCartney bá gbé ohun tó ti ṣe fún un gbọ́. Ká sòótọ́, àwo náà dùn, àmọ́ kò sí Èkó nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ Èkó nínú rọ́ọ̀kì ọdún yẹn, kó wá Chapter One tí àwọn BLO ṣe. Ọmọkùnrin mẹ́ta péré ni wọ́n: Berkley Jones, Laolu Akins àti Mike Odumosu. Ọdún yẹn náà ni Ofege ṣe Try and Love, nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní St. Gregory's College l'Ékòó. Ohùn wọn kò gún régé níbi gbogbo, àmọ́ ohùn ọmọ iléèwé tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni ni, ohun tó sì dùn nínú rẹ̀ nìyẹn.

Síbẹ̀, bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo lèèyàn máa mú, kó fi àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn sílẹ̀, kó mú ti àwọn ìbejì Lijadu, Taiwo àti Kẹhinde. Láàárín 1976 sí 1979 ni wọ́n ṣe Danger, Mother Africa, Sunshine àti Horizon Unlimited. Obìnrin méjì tó ń kọrin lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé ọ̀fun kan ni wọ́n jọ ní, tí gìtá òyìnbó ń ké lẹ́yìn wọn, tí Yorùbá sì ń dún lẹ́nu wọn! Kẹhinde kú lọ́dún 2019. Ẹni tó bá ní gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nílé, kó má jẹ̀ẹ́ kí àwọn ọmọ fi ṣeré.

Ẹni tó bá ní rọ́ọ̀kì jìnnà sí orin ilé, kó gbọ́ gìtá Sunny Adé lẹ́ẹ̀kan sí i. Dẹ̀mọ́lá Adépọ̀jù, tó ń ta gìtá onírin fún Sunny, ló tún ta á fún Paul Simon ará Amẹ́ríkà nínú Graceland lọ́dún 1986.

Lọ́dún 2008, iléeṣẹ́ Soundway ní ìlú ọba kó orin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ wa jọ sínú àwo kan tí wọ́n pè ní Nigeria Rock Special. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò rọrùn, torí ọ̀pọ̀ téèpù àkọ́kọ́ ti sọnù. Bí téèpù kò bá sí mọ́, inú rẹ́kọ́ọ̀dù àlòkù tó bá mọ́ ni wọ́n ti ń yọ orin náà. Ẹni tó bá wá rà á lọ́wọ́ opó ní Ìkẹ̀rẹ́ mọ èyí, ṣùgbọ́n kò ní sọ.

Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kéèyàn ta rọ́ọ̀kì. Ebi kì í jẹ́ kéèyàn pa gìtá mọ́. Àmọ́ ti jùjú ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Àwọn olórin wa a máa ki àwọn tó náwó fún wọn lóde ìnáwó, wọ́n á dárúkọ wọn, wọ́n á dárúkọ ìyàwó àti ìlú wọn. Ó lè jẹ́ pé oríkì bàbá yín wà lójú kejì àwo kan tí ẹnikẹ́ni kò gbé láti ọdún 1980. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ tí wọ́n fi báírò kọ sára páálí, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n rà á. Àwọn tó ń kó rẹ́kọ́ọ̀dù jọ kórìíra rẹ̀, wọ́n ní ó ń bu owó àwo kù. Ní tilé, òun gan-an ni ẹ̀rí pé bàbá gbádùn ayé díẹ̀ kó tó kú.

Torí náà, ẹ wá ẹni tí rédíógíráàmù rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ẹ gbé ojú méjèèjì gbọ́ kí wọ́n tó dájọ́ owó. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lójú àjà, torí ooru páànù máa ń ká oníke kò. Ìdúró ni kí ẹ tò wọ́n, kì í ṣe kí ẹ kó wọn lérí ara wọn. Aṣọ fẹ́lẹ́ àti omi tó mọ́ díẹ̀ tó láti nu eruku rẹ̀, kí omi má sáà kan bébà àárín. Ti 78 ní tirẹ̀, ẹ má fi sípíríìtì kàn án, ńṣe ló máa ń yọ́.