Ológbò Àgbà Náà Yẹ Ní Ẹni Tí Ń Gbà Sílé

Àwọn àgbà a máa wí pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òwe yìí kò ṣẹ sí ológbò lára. Ọmọ tí ológbò bá bí kì í padà wá tọ́jú ìyá rẹ̀ nígbà tí eyín ìyá bá ká tí etí rẹ̀ sì di. Ẹni tí ń fún un ní oúnjẹ nìkan ni ó ní. Bí ẹni náà bá kú, tàbí tí ó bá kó lọ sí ibi tí wọn kì í gba ẹranko, ológbò náà di aláìnílé ní ọjọ́ ogbó rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ẹgbẹ́ kan wà tí ń ṣe ìtọ́jú irú àwọn ológbò báyìí. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ní ẹ̀kọ́ nínú fún gbogbo ẹni tí ó ní ológbò nínú ilé.

Ìtàn Flossie

Ní ìparí ọdún 1995 ni a bí ológbò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Flossie. Láàárín àwọn ológbò tí kò ní ilé ni ó wà, ní ìtòsí ilé ìwòsàn kan ní agbègbè Merseyside. Òṣìṣẹ́ kan ní ilé ìwòsàn náà ṣàánú rẹ̀, ó sì mú un lọ sí ilé. Lẹ́yìn ọdún 10, ẹni náà kú. Arábìnrin rẹ̀ gba ológbò náà, ó sì tọ́jú rẹ̀ fún ọdún 14 títí ikú fi mú òun náà lọ. Ọmọkùnrin obìnrin yìí ni ó tún gbà á, ó sì bọ́ ọ fún ọdún 3.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, ọkùnrin náà rí i pé ìtọ́jú ológbò náà ti ju agbára òun lọ. Kò sọ ọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà, kò sì dì í sínú àpò lọ jù sínú igbó. Ó gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Cats Protection, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá òun wá ilé mìíràn fún un. Ní àkókò yìí, Flossie ti di adití, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ ìwé ìtọ́jú rẹ̀ wò, ẹnu ya àwọn òṣìṣẹ́ náà láti rí i pé ọjọ́ orí rẹ̀ ti súnmọ́ ọdún 27. Ta ni yóò gba irú arúgbó bẹ́ẹ̀ sí ilé?

Iṣẹ́ Àwọn Ilé Ààbò

Iṣẹ́ gbígba ẹranko aláìnílé kì í ṣe ohun titun ní ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1860, obìnrin kan tí ń jẹ́ Mary Tealby dá ilé kan sílẹ̀ ní Holloway, ní ìlú London, fún àwọn ajá tí ó sọnù tí ebi sì ń pa. Ní ọdún 1871, a kó ilé náà lọ sí Battersea, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ológbò ní ọdún 1883. Ẹgbẹ́ Cats Protection, tí ó jẹ́ ti ológbò nìkan, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1927. Ọrẹ àtinúwá àti ogún tí àwọn olóògbé fi sílẹ̀ ni ó pọ̀ jù nínú owó tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà.

Nígbà tí ológbò kan bá dé, dókítà ẹranko yóò yẹ̀ ẹ́ wò. A ó fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, a ó lo oògùn aràn àti ti yọ̀rọ̀ fún un, a ó sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kí ó má baà bímọ mọ́. A ó sì fi ohun kékeré kan tí kò ju ẹyọ ìrẹsì kan lọ sí abẹ́ awọ rẹ̀. Nọ́ńbà kan wà nínú rẹ̀ tí a lè fi ẹ̀rọ kà, kí a lè mọ ẹni tí ó ni ín bí ó bá sọnù. Láti ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2024, òfin ti pa á láṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí a ṣe èyí fún gbogbo ológbò ilé kí ó tó ju ọ̀sẹ̀ 20 lọ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ológbò yóò dáhùn ìbéèrè nípa ilé rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn ẹranko mìíràn tí ó ní. Yóò sì san owó díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ológbò ni ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wà lára. Kíá ni a ń mú wọn lọ, nígbà tí àwọn àgbà ń jókòó síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ni ó gbé wọn dé ibẹ̀. Ikú ẹni tí ó ni wọ́n, àìsàn rẹ̀, onílé tí kò fẹ́ ẹranko, tàbí àìsí owó dókítà ni ó sábà máa ń fà á.

Bí A Ṣe Ń Ka Ọjọ́ Orí Rẹ̀

Ológbò tí ó pé ọdún 1 dà bí ọmọ ènìyàn tí ó pé ọdún 15. Nígbà tí ó bá pé ọdún 2, ó dà bí ẹni ọdún 24. Lẹ́yìn èyí, ọdún 4 ni a ń fi kún un fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Nípa bẹ́ẹ̀, ológbò ọdún 10 dà bí ẹni ọdún 56, ti ọdún 15 sì dà bí ẹni ọdún 76. Flossie ti ju ẹni ọdún 120 lọ nígbà tí ó ń wá ilé.

Ológbò ọdún 10 kì í ṣe òkú. Ó ṣì lè lo ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú ẹni tí ó bá gbà á. Ìwà rẹ̀ ti hàn: a ti mọ̀ bí ó bá fẹ́ràn ọmọdé, bí ó bá lè bá ajá gbé, àti bí ó bá jẹ́ oníjà. Ọmọ ológbò a máa fa aṣọ ya, a máa gun ibi gbogbo. Ti àgbà kì í rí bẹ́ẹ̀. Oorun ni ó fẹ́ràn jù. Nítorí náà ni ó ṣe bá àwọn arúgbó àti àwọn tí ń dá gbé mu.

Bí A Ṣe Ń Gbà Á Sílé

Kí a má ṣe fi gbogbo ilé hàn án ní ọjọ́ kan. Kí a fún un ní yàrá kan tí ó dákẹ́, kí omi, oúnjẹ, ibùsùn tí ó móoru, àti páálí tí ó lè sá pamọ́ sí wà níbẹ̀. Kí a gbé àwo iyanrìn tí yóò máa yàgbẹ́ sí jìnnà sí oúnjẹ rẹ̀, kí etí àwo náà má sì ga, nítorí pé làkúrègbé kì í jẹ́ kí ológbò àgbà lè gbé ẹsẹ̀ sókè. Oúnjẹ tí ó ti mọ̀ ni kí a kọ́kọ́ fún un, kí a sì yí i padà díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá fi ara pamọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, kí a má ṣe fà á jáde.

Bí ológbò bá kọ oúnjẹ fún ju ọjọ́ kan lọ, kí a wá dókítà ẹranko, nítorí pé ebi ọjọ́ mélòó kan lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Bí ó bá ń mu omi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó lè jẹ́ àrùn kíndìnrín tàbí ìtọ̀ ṣúgà. Bí ó bá ń jẹun púpọ̀ tí ó sì ń rù, àìsàn kan wà tí ń ti inú ọrùn wá tí ó lè fa èyí. Oògùn rẹ̀ sì wà. Ẹnu tí ń rùn lè jẹ́ àmì eyín tí ń dùn ún.

Ohun kan wà tí ó ṣe pàtàkì gidigidi. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún ológbò ní parasitámọ́ọ̀lù. Oògùn tí ń wo orífífọ́ fún ènìyàn ni, ṣùgbọ́n májèlé ni fún ológbò. Ìdajì hóró lè pa á. Àlùbọ́sà pẹ̀lú kò dára fún un, nítorí náà kí a má ṣe da ọbẹ̀ sí oúnjẹ rẹ̀.

Igbe Òru

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ń bẹ̀rù igbe ológbò àgbà ní òru, tí wọ́n sì ń pè é ní àjẹ́. Àwọn mìíràn a lé e jáde tàbí kí wọ́n pa á nítorí rẹ̀. Ó yẹ kí a mọ ohun tí ó ń fa igbe náà. Ológbò tí ó di adití kò mọ bí ohùn òun ti ròkè tó. Èyí tí ojú rẹ̀ ti bàìbàì a máa ṣìnà nínú òkùnkùn ilé tí ó ti mọ̀. Ogbó a máa mú kí òmíràn gbàgbé ibi tí ó wà, ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú a sì máa fa igbe. Iná kékeré tí a bá tàn sí ọ̀nà rẹ̀, àti ìtọ́jú dókítà, ni ó ń fẹ́. Ní ti ojú rẹ̀ tí ń tàn, ohun kan wà lẹ́yìn ẹyinjú rẹ̀ tí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bí dígí. Ti ewúrẹ́ àti ti ajá náà rí bẹ́ẹ̀.

Àǹfààní rẹ̀ fún wa kò kéré. Bí kò bá sí ológbò nílé, ilé di ilé èkúté. Eku ni ó ń gbé ibà Lassa, tí a kọ́kọ́ mọ̀ ní ọdún 1969 ní ìlú Lassa, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Borno nísinsìnyí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka níní ológbò nílé mọ́ àwọn ohun tí a lè fi dènà eku, pẹ̀lú bíbo oúnjẹ dáadáa àti dída ìdọ̀tí nù jìnnà sí ilé. Kí a má ṣe fi ọwọ́ lásán gbé eku tí ológbò bá pa, kí a má sì fi májèlé eku sí ilé tí ológbò wà, nítorí pé èyí tí ó bá jẹ eku onímájèlé lè kú. Ológbò tí ó ti ṣọ́ àká àgbàdo fún ọdún 10, tí kò lè sáré lé eku mọ́, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè oúnjẹ.

Ìrànlọ́wọ́ Láìgbà Á Sílé

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lè gba ológbò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan a máa tọ́jú rẹ̀ sí ilé wọn fún ìgbà díẹ̀ títí yóò fi rí ilé gidi. Àwọn mìíràn a máa dá owó ní oṣooṣù, tàbí kí wọ́n ra oúnjẹ lọ sí ilé ààbò. Ẹgbẹ́ Cats Protection tún ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Cat Guardians, nínú èyí tí ènìyàn lè forúkọ sílẹ̀ nígbà tí ó wà láàyè, kí ẹgbẹ́ náà lè gba ológbò rẹ̀ bí ó bá kú. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé níbẹ̀ tí wọ́n sì ní ológbò lè bèèrè nípa rẹ̀.

Ní ti Flossie, obìnrin kan ní ìlú London, tí ó ti tọ́jú ológbò àgbà rí, gbọ́ ìròyìn rẹ̀, ó sì gbà á. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Guinness World Records kéde pé òun ni ológbò tí ó dàgbà jù láyé nígbà náà, ní ẹni ọdún 26 àti ọjọ́ 316. Òkìkí yìí kọ́ ni ó gbà á là. Ohun tí ó gbà á là ni pé, ní gbogbo ìgbà tí ilé kan bá ti sí i lọ́wọ́, ẹnìkan wà tí ó rò ó tẹ́lẹ̀ ibi tí yóò gbé e lọ. Kí ẹni tí ó ní ológbò nílé bá ọmọ rẹ̀, àbúrò rẹ̀ tàbí aládùúgbò rẹ̀ sọ ọ́ lónìí, kí ẹni náà sì gbà, kí ọjọ́ tó dé.