Ìjókòó Ojúde ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Bí ènìyàn bá gba Ìsàlẹ̀ Gángan kọjá ní ìrọ̀lẹ́, yóò rí àwọn àgbà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Àlejò lè pe èyí ní ìmẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà tọkọtaya. Ọmọ tí ó bá sì kọjá láìkí wọn, ẹjọ́ rẹ̀ a ti délé ṣáájú rẹ̀, bí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀.

Ní ọdún 1955, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé ní àárín Èkó, kò jìnnà síbẹ̀, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Ilé ibẹ̀ dára, ó sì ní àyè. Èmi kò ní bú u. Ṣùgbọ́n Peter Marris, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó tẹ ìwé jáde lórí ọ̀ràn náà ní 1961, rí i pé àwọn ẹbí kì í rí ara wọn tó ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Ní Èkó, ẹni tí ó ń lọ sí ọjà a yà kí ìyá rẹ̀ lójúde, a sì fi sílè kan sí i lọ́wọ́. Láti Èkó dé Sùúrùlérè, owó ọkọ̀ ni. Ìyá àgbà lè tẹ́ bẹ́ǹṣì rẹ̀ sí ojúde titun. Àjèjì ni àwọn tí ń kọjá.