Odò Kaveri Ló Ń Bọ́ Wọn: Ìrìn Àjò Lọ Sílẹ̀ Àwọn Tamil

Chennai nìkan ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní Nàìjíríà mọ̀ nínú gbogbo ilẹ̀ àwọn Tamil ní Íńdíà, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé aláìsàn lọ fún ìtọ́jú. Láti pápákọ̀ òfuurufú sí ilé ìwòsàn, ó parí. Àmọ́ ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Chennai, tó sì forí lé gúúsù fún nǹkan bíi kìlómítà 350, yóò dé Thanjavur, níbi tí odò Kaveri ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ kó tó wọ òkun. Ibẹ̀ ni àká ìrẹsì ìpínlẹ̀ Tamil Nadu. Oko ìrẹsì tẹ́ rẹrẹ lọ́tùn-ún lósì ojú irin, igi àgbọn sì tò sí etí rẹ̀.

"Vanakkam" ni ìkíni wọn, àmọ́ kì í pẹ́ tí wọ́n á fi béèrè bóyá àlejò ti jẹun. Tó bá ní òun ò tíì jẹun, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n máa tẹ́ síwájú rẹ̀. Wọ́n á bu ìrẹsì sí i, wọ́n á da sambar lé e, ìyẹn ọbẹ̀ ẹ̀wà tí wọ́n fi àjàgbọn sè. Lẹ́yìn náà ni rasam máa dé, omi ọbẹ̀ olóòórùn ata tó ń ṣí imú. Wàrà kíkan tí wọ́n pò mọ́ ìrẹsì ló máa ń kẹ́yìn, kó lè pa iná ata. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń jẹun. Ìyẹn ò ní ṣòro fún ọmọ Yorùbá. Tí àlejò bá yó, á ká ewé náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Láàárọ̀, idli ni. Ó jọ èkuru lójú, àmọ́ ìrẹsì àti ẹ̀wà ni wọ́n lọ̀ pọ̀, tí wọ́n jẹ́ kó kan mọ́jú kí wọ́n tó fi ooru omi sè é.

Ìrẹsì yìí náà ló bọ́ tẹ́ńpìlì ńlá tí Ọba Rajaraja Kìíní parí ní Thanjavur lọ́dún 1010. Akọ òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, ilé gogoro rẹ̀ sì ga ju mítà 60 lọ. Àwọn kan máa ń sọ fún àlejò pé òjìji rẹ̀ kì í kan ilẹ̀. Irọ́ ni. Ohun tó yẹ kí èèyàn wò ni ìwé tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri: ó to àwọn abúlé tó ń mú ìrẹsì wá, ó sì to orúkọ nǹkan bí 400 obìnrin oníjó tó ń sìn níbẹ̀.

Ní Swamimalai, tí kò jìnnà sí Kumbakonam, ida ni àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ fi ń mọ ère, wọ́n á fi amọ̀ etí odò Kaveri bò ó, wọ́n á yọ́ ida náà dànù, wọ́n á wá da idẹ sí àyè rẹ̀. Irú ọgbọ́n yìí kan náà ni àwọn baba wa fi ṣe orí idẹ Ilé-Ifẹ̀.

Àmọ́ ìpínlẹ̀ míì ni omi náà ti ń ṣàn wá, Karnataka, ibẹ̀ sì ni ìjà wà. Odò yìí náà ni ìlú ńlá Bengaluru ń mu, nítorí náà Karnataka náà ní ẹjọ́ tiẹ̀. Láti ọdún 1892 ni wọ́n ti ń tọwọ́ bọ̀wé lórí ẹ̀. Lọ́dún 2007, ìgbìmọ̀ kan ní kí Karnataka máa jẹ́ kí ìwọ̀n 192 ṣàn wá sí Tamil Nadu lọ́dún, ìwọ̀n kan sì tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 28 lítà. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dín in kù sí 177.25 ní February 2018. Kó tó dìgbà yẹn, wọ́n ti dáná sun ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì àwọn Tamil ní Bengaluru ní September 2016. Ọ̀dá sì mú gan-an lẹ́yìn ìyẹn, débi pé lọ́dún 2017, àwọn àgbẹ̀ Tamil gbé agbárí èèyàn lọ ṣe ìwọ́de ní Delhi. Wọ́n ní ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó gbẹ̀mí ara wọn nítorí gbèsè ni.

June 12 ni wọ́n sábà máa ń ṣí dáàmù Mettur, tí wọ́n parí lọ́dún 1934, kí àwọn àgbẹ̀ lè gbin ìrẹsì àkọ́kọ́. Lọ́dún 2024, July ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí wọ́n tó ṣí i.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ojú odò náà dáadáa, kó lọ níbẹ̀rẹ̀ August, nígbà ọdún Aadi Perukku. Tìyátọmọ ló ń ru oúnjẹ lọ sétí omi: ìrẹsì alágbọn, ìrẹsì alájàgbọn, ìrẹsì oníwàrà. Àwọn obìnrin á so òwú aláwọ̀ ìyeyè mọ́ ọrùn, wọ́n á gbé fìtílà lé orí omi. Lọ́dún tí odò bá gbẹ, ẹ̀bá ẹ̀rọ omi ni àwọn kan ti ń ṣe é.