Agbára Ọlọ́pàá Lọ́jọ́ Ìdìbò: Ọ̀rọ̀ Ọtí, Ọkọ̀ àti Ìdàrúdàpọ̀

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí yóò dìbò fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ìbáà ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlíṣàn, oníṣẹ́ ọwọ́ ní Ìkẹ́nnẹ́ tàbí ọmọ oníṣòwò obì ní Ṣàgámù, ni ó ti mọ bí a ṣe ń tẹ ìka sórí ìwé ìdìbò. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ni ibi tí agbára ọlọ́pàá tó dúró ní ibùdó ìdìbò bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó pin sí. Àìmọ̀ yìí léwu ní ọ̀nà méjì. Ẹnì kan yóò bẹ̀rù débi pé kò ní jáde nílé rárá. Ẹlòmíràn yóò rò pé ọjọ́ fàájì ni, yóò mu paraga ní kùtùkùtù, yóò gun ọ̀kadà, àgọ́ ọlọ́pàá ni yóò sì ti bá ara rẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń tò láti dìbò.

Ìbẹ̀rù àwọn kan kì í ṣe lásán. Ní ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 2020, Tiyamiyu Kazeem, igbákejì balógun ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Remo Stars, kú ní Ṣàgámù lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́pàá SARS mú un. Ọlọ́pàá sọ pé ó bẹ́ jáde nínú ọkọ̀ ni ọkọ̀ mìíràn fi gbá a. Àwọn tó sún mọ́ ọn sọ pé ńṣe ni wọ́n tì í. Lọ́jọ́ 24 oṣù náà, àwọn ọ̀dọ́ tú sí ìgboro, ìbọn dún, ẹ̀mí sì tún sọnù. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà ni Ààrẹ fọwọ́ sí Òfin Ọlọ́pàá tuntun, tó rọ́pò èyí tí ìjọba amúnisìn ti gbé kalẹ̀ láti ọdún 1943. Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá, lẹ́yìn ìwọ́de tó gba orílẹ̀-èdè kan, wọ́n tú SARS ká. Òfin tuntun yìí ni ó yẹ kí olùdìbò mọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ènìyàn ń bẹ̀bẹ̀ fún ní àgọ́ ọlọ́pàá ni òfin náà ti fún wọn.

Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà ni a ó kọ́kọ́ mú. Nígbà ìdìbò ọdún 2023, lọ́jọ́ 25 oṣù kejì àti ọjọ́ 18 oṣù kẹta, Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá pàṣẹ pé kí ọkọ̀ má ṣe rìn láti agogo méjìlá òru títí di agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, àfi ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìdìbò, ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn, panápaná àti irú wọn. Ọlọ́pàá lè dá ọkọ̀ tó bá rú àṣẹ bẹ́ẹ̀ dúró. Nítorí náà, ẹni tó ń gbé ní Èkó tí orúkọ rẹ̀ wà ní ibùdó ní Ìṣarà ní láti ti wọlé ní ọjọ́ tó ṣáájú. Kò sí àlàyé kan tí yóò ṣe fún ọlọ́pàá ní oríta márosẹ̀ Ṣàgámù lówùúrọ̀ ìdìbò tí yóò rọ́pò ìrìn àjò tó yẹ kó ti rìn.

Òfin kò ní kí àgbàlagbà má mu ọtí. Ohun tó kọ̀ ni kí ẹni tó mu ún wa ọkọ̀ tàbí gun alùpùpù. Òdiwọ̀n tí ìlànà ìrìnnà orílẹ̀-èdè yìí fi lélẹ̀ ni 0.5 gíráàmù ọtí nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan. Òṣìṣẹ́ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó lè ní kí awakọ̀ fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ tó ń wọn ọtí. Àwọn kan máa ń sọ pé àgbo ni paraga, pé kì í ṣe ọtí. Ẹ̀rọ náà kò mọ ìyàtọ̀ yẹn. Bí awakọ̀ bá jẹ owó ìtanràn, ìwé ni a ó kọ fún un, ibi tí ìjọba là sílẹ̀ ni yóò sì ti san án. Owó tí ẹnikẹ́ni bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ létí títì kì í ṣe owó ìtanràn.

Ní ibùdó ìdìbò fúnra rẹ̀, ọlọ́pàá kọ́ ni ọ̀gá. Òfin Ìdìbò ní INEC ni yóò béèrè fún àwọn ẹ̀ṣọ́ aláàbò, òun ni yóò sì pín wọn síbi tí wọn yóò wà lẹ́yìn tó bá ti fikùn lukùn pẹ̀lú àwọn ọ̀gá wọn. Alámòójútó ibùdó ló lè ní kí a mú ẹni tó ń da ibẹ̀ rú jáde. Ẹni tó bá mutí wá sórí ìlà, tó ń pariwo, tó ń ti àwọn ìyá àgbà, irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè di ẹni à ń mú jáde, kò sì lè padà wọlé lọ́jọ́ náà àfi bí alámòójútó bá yọ̀ǹda. Ṣùgbọ́n òfin sọ pé agbára yìí kò gbọdọ̀ di ọgbọ́n tí a fi ń gba ẹ̀tọ́ ìdìbò lọ́wọ́ ẹni tó ní in.

Àyíká ibùdó náà ní ààlà: 300 mítà, bí ìgbà tí a bá to pápá bọ́ọ̀lù mẹ́ta ní òòró. Láàárín rẹ̀, èèwọ̀ ni kí ènìyàn polongo ìbò, kí ó gbé ohun ìjà, kí ó dé fìlà tàbí wọ aṣọ tó ní àmì ẹgbẹ́ òṣèlú, tàbí kí ó máa ràgà kiri láìnídìí lẹ́yìn tó ti dìbò. Nínú Òfin Ìdìbò ọdún 2022, ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni ìjìyà rẹ̀. Nínú òfin ọdún 2022 náà, ẹni tó bá hùwà jàgídíjàgan tàbí tó rú ẹlòmíràn sókè láti hù ú lè san tó ₦500,000, tàbí kí ó lọ sẹ́wọ̀n oṣù méjìlá, tàbí kí ó jẹ méjèèjì. Ti jíjá àpótí gbà burú jù: ẹ̀wọ̀n oṣù 24 ni òfin ọdún 2022 náà là sílẹ̀, kò sì dárúkọ owó ìtanràn rárá. Ó yẹ kí ọ̀dọ́ tí olóṣèlú kan fi ìgò ọtí àti owó díẹ̀ bẹ̀ níṣẹ́ ronú sí èyí, nítorí orúkọ ẹni tó rán an kì í sábà wà nínú ìwé ẹ̀sùn.

Ìpàdé àti ìwọ́de ṣáájú ọjọ́ ìdìbò ní òfin tirẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọlọ́pàá di Òfin Ìlú-tòrò ti ọdún 1979 mú pé kò sẹ́ni tó lè péjọ láìgba ìwé àṣẹ. Ẹgbẹ́ òṣèlú ANPP gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́, pẹ̀lú Fẹ́mi Fálànà gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn sì dájọ́ ní ọdún 2007 pé irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ tako Ìwé Òfin orílẹ̀-èdè. Òfin Ọlọ́pàá 2020 wá sọ pé bí ènìyàn bá fi ìpàdé tó létò tó ọlọ́pàá létí, iṣẹ́ ọlọ́pàá ni láti wá dáàbò bò ó.

Bí wọ́n bá wá mú olùdìbò ńkọ́? Kí ó má jà, kí ó má sá. Ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ sọ ìdí tó fi mú un. Ó lè dákẹ́ títí yóò fi bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀, ọlọ́pàá sì gbọ́dọ̀ fi tó ará ilé rẹ̀ létí lọ́fẹ̀ẹ́. Láàárín wákàtí 24, ó yẹ kí a kọ ẹ̀sùn rẹ̀ fún un ní èdè tó yé e. Bí Yorùbá ló gbọ́, Yorùbá ni. Obìnrin ni yóò yẹ ara obìnrin wò. Bí ọlọ́pàá bá sì dé ilé tí kò bá ọmọ, kò gbọ́dọ̀ mú ìyá rẹ̀ dípò rẹ̀. Àṣà mímú ìyá dípò ọmọ ti pẹ́ níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n òfin ti dá a lẹ́kun.

Ìwé Òfin ọdún 1999 ní ọjọ́ kan péré ni ọlọ́pàá ní láti fi mú ẹni tó wà ní àhámọ́ dé ilé ẹjọ́, bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín 40 kìlómítà. Ilé ẹjọ́ wà ní Ṣàgámù, kò sì sí ìlú kan ní Rẹ́mọ tó jìnnà sí i tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Sátidé ni a sábà máa ń dìbò, ilé ẹjọ́ kì í sì jókòó lọ́jọ́ Àìkú. Ìdí nìyí tí Òfin Ọlọ́pàá fi ní kí ọ̀gá àgọ́ gba ìdúró ẹni náà bí kò bá ní ṣeé ṣe láti gbé e dé ilé ẹjọ́ láàárín wákàtí 24, bí ẹ̀sùn náà kò bá wúwo. Ìdúró náà ọ̀fẹ́ ni.

Agogo mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ ni ìdìbò ń bẹ̀rẹ̀, agogo méjì ààbọ̀ ọ̀sán ni ó ń parí, ẹni tó bá sì ti wà lórí ìlà kí aago náà tó lù yóò dìbò. Ẹni tí wọ́n gba ìdúró rẹ̀ lágogo kan ọ̀sán kò tíì jẹ̀bi ohunkóhun. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé àwọn olùdìbò, káàdì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ó sì lè padà sí ibùdó rẹ̀ lọ tò.