Aláìsàn Kíndìnrín Lásìkò Àjàkálẹ̀ Àrùn: Oògùn Nìkan Kò Tó

Ní ọjọ́ 11, oṣù kẹta, ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kéde pé àrùn Kòrónà ti di àjàkálẹ̀ tó kárí ayé. Ọjọ́ kejì ìkéde náà gan-an ni Àyájọ́ Ọjọ́ Kíndìnrín Lágbàáyé, èyí tó máa ń wáyé ní Ọjọ́bọ̀ kejì nínú oṣù kẹta lọ́dọọdún. Àṣé wàhálà mìíràn ti dé láti kún wàhálà àwọn tí wọ́n ń ṣe àyájọ́ náà fún.

Nígbà tó fi máa di alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù náà, òfin kónílé-ó-gbélé ti bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó àti ní Àbújá. Àṣẹ tí gbogbo ènìyàn gbọ́ ni pé kí kálukú jókòó sílé, kí ó sì jìnnà sí èrò. Àṣẹ náà dára, ṣùgbọ́n ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀ kò lè tẹ̀ lé e. Bí ó bá jókòó sílé, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ lè pa á. Bí ó bá sì jáde lọ sí ilé ìwòsàn, ó lè kó àrùn bọ̀ wálé.

Kíndìnrín méjèèjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó ìkúùkù àgbàlagbà, ni asẹ́ ara. Tọ̀sán tòru ni wọ́n ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń yọ ìdọ̀tí àti omi tó pọ̀ jù kúrò nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ń tì í jáde gẹ́gẹ́ bí ìtọ̀. Lára ohun tó sábà máa ń bà wọ́n jẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà tí a kò tọ́jú, àti àlòjù oògùn ara ríro.

Bí wọ́n bá bàjẹ́ pátápátá, ọ̀nà méjì ló kù: kí a fi kíndìnrín ẹlòmíràn rọ́pò, tàbí kí a máa fọ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà, èyí tí ẹ̀rọ sábà máa ń ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni àwọn oníṣègùn sábà máa ń fẹ́ kí ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ náà, nǹkan bí wákàtí mẹ́rin sì ni ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń pa á jẹ, ẹsẹ̀ àti ojú rẹ̀ lè wú, omi lè kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, èròjà potassium sì lè pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ débi tí ọkàn yóò fi dáwọ́ lílù dúró lójijì.

Ìṣòro mẹ́rin ló dojú kọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2020. Àkọ́kọ́ ni ọkọ̀. Òtítọ́ ni pé òfin náà kò ti ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wọ ọkọ̀ èrò ní láti wá ọ̀nà tí yóò gbà dé ibẹ̀. Ìkejì ni owó. Ọ̀pọ̀ aláìsàn kíndìnrín ní Nàìjíríà ló ń san owó ìfọ̀jẹ̀ láti inú àpò ara wọn. Nígbà tí ọjà tì, tí iṣẹ́ sì dúró, ibi tí owó náà ti ń wá dí. Ìkẹta ni ewu àrùn Kòrónà fúnra rẹ̀, nítorí ó sábà máa ń le lára wọn ju ti ẹni tí ara rẹ̀ dá lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tí wọ́n ti pààrọ̀ kíndìnrín fún, nítorí oògùn tó ń lò kí ara má baà kọ kíndìnrín tuntun náà ń dín agbára tí ara fi ń bá kòkòrò àrùn jà kù.

Ìkẹrin ni èyí tí a kì í sábà mẹ́nu bà, ìyẹn ìdánìkanwà. Nínú àṣà Yorùbá, a kì í fi aláìsàn sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹbí yóò wá, ará àdúgbò àti ẹlẹ́gbẹ́ yóò wá. Ẹnìkan yóò gbé ọbẹ̀ dání, ẹlòmíràn yóò jókòó tì í títí ẹ̀rọ yóò fi parí iṣẹ́. Àjàkálẹ̀ àrùn sọ ìbẹ̀wò yìí di ewu. Ẹni tó ń fi wákàtí mẹ́rin wo ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ nínú rọ́bà wá di ẹni tí ń wò ó lóun nìkan, láàárín àwọn nọ́ọ̀sì tí ìbòmú kò jẹ́ kí ẹ̀rín ojú wọn hàn.

Àìrí oorun sùn, àìlè jẹun, ìbínú òjijì àti ìdákẹ́jẹ́ tó pọ̀ jù wà lára àmì pé ọkàn aláìsàn ti ń rẹ̀wẹ̀sì. Nígbà tó bá wá ń sọ pé, "Ẹ má wulẹ̀ gbé mi lọ mọ́, owó yín ni mò ń jẹ," kì í ṣe àwàdà. Kí a má fi ìbáwí tàbí ìwàásù dá a lóhùn. Kí a bi í ní ohun tó ń bà á lẹ́rù, kí a gbọ́ ọ títí yóò fi parí, kí a sì jẹ́ kí dókítà rẹ̀ mọ̀, nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn jẹ́ àìsàn tó ní ìtọ́jú.

Ìjìnnà kò ní kí ìrànlọ́wọ́ má ṣeé ṣe. Ẹni tí kò lè wọ yàrá ìfọ̀jẹ̀ lè pe aláìsàn lórí fóònù ní wákàtí tí ó mọ̀ pé ó wà lórí ẹ̀rọ. Ará àdúgbò tó ní ọkọ̀ lè gbé e lọ kí ó sì gbé e bọ̀, pẹ̀lú ìbòmú lójú àti fèrèsé ọkọ̀ ní ṣíṣí. Ẹbí lè pín owó ìfọ̀jẹ̀ láàárín ara wọn, kí ó má baà já lé ẹnìkan ṣoṣo léjìká. Kí wọ́n sì rántí ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ tó ń tọ́jú aláìsàn náà, nítorí òun pẹ̀lú ń fẹ́ ìsinmi.

Ẹni tó fẹ́ gbé oúnjẹ wá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ọsàn àti omi àgbọn tó dára fún ẹlòmíràn kún fún potassium. Ọbẹ̀ tí iyọ̀ àti mágì pọ̀ nínú rẹ̀ ń fa òùngbẹ, bẹ́ẹ̀ omi tí aláìsàn lè mu ní ìwọ̀n. Bákan náà ni kí a yẹra fún gbígbé àgbo tàbí oògùn tí dókítà kò mọ̀ sí wá. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, àwọn kan ní Èkó lo chloroquine ní àlòjù nítorí ìbẹ̀rù Kòrónà, wọ́n sì di èrò ilé ìwòsàn.

Ní ọjọ́ 5, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, WHO kéde pé àrùn Kòrónà kì í ṣe pàjáwìrì àgbáyé mọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde àdínkù owó ìfọ̀jẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan, tí UCH Ìbàdàn wà lára wọn, láti ₦50,000 sí ₦12,000 fún ìgbà kan. Ìrọ̀rùn ńlá ni èyí jẹ́. Síbẹ̀, ibà Lassa àti àrùn onígbáméjì ṣì máa ń jà nílẹ̀ yìí, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí àjàkálẹ̀ mìíràn yóò dé.

Nítorí náà, ìgbà tí ara tù ni ó yẹ kí a múra. Kí aláìsàn kọ orúkọ gbogbo oògùn rẹ̀ sí ìwé kan ṣoṣo. Kí ó mọ ibòmíràn tí ó ti lè fọ ẹ̀jẹ̀ bí ọ̀nà bá dí, kí ó sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tí dókítà bá là sílẹ̀ fún un. Bí ibà tàbí ikọ́ bá mú un, kí ó pe ilé ìwòsàn kí ó tó gbéra, kí wọ́n lè pèsè àyè fún un, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe pa ìfọ̀jẹ̀ jẹ. Kí ó sì yan ènìyàn méjì tí wọ́n ti ṣe tán láti dáhùn nígbàkígbà tó bá pè.

Ẹ̀rọ lè fọ ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè bi aláìsàn pé, "Ṣé ara le díẹ̀?" Ènìyàn ló ń ṣe ìyẹn. Àwọn àgbà kò purọ́ nígbà tí wọ́n ní ènìyàn laṣọ.