Etí Òkun Gbogbo Ènìyàn ní Cancún

Ṣáájú ọdún 1970, igbó àti iyanrìn ni Cancún, ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò. Ìjọba ló sọ ọ́ di ìlú ìgbafẹ́. Lónìí, ilé ìtura ńláńlá ló tò létí òkun. Òfin Mẹ́síkò sọ pé gbogbo ènìyàn ló ni etí òkun. Ṣùgbọ́n báwo ni tálákà yóò ṣe kọjá ògiri ilé ìtura? Láti ọdún 2020, ẹni tó bá dí ọ̀nà yóò san owó ìtanràn.

Ní Playa Delfines, kò sí ògiri. Àwọn ará ìlú a máa kó ọmọ àti oúnjẹ wá síbẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, láìsan owó.

Omi ibẹ̀ mọ́, ó sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n ìgbì rẹ̀ le. Ẹ kọ́kọ́ wo àsíá. Bí ó bá ní àwọ̀ ewé, ẹ lè wẹ̀. Bí ó bá pupa rúsúrúsú bí ìyeyè, ẹ ṣọ́ra. Bí ó bá pupa bí ẹ̀jẹ̀, ẹ má wọ omi. Bí ó bá dúdú, wọ́n ti ti etí òkun nìyẹn. Àsíá kò ní lẹ́tà, síbẹ̀ kíkà ni à ń kà á.

Bí omi bá ń fà yín lọ sójú agbami, ẹ má bá a jà. Ẹ lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ títí agbára rẹ̀ yóò fi dẹ̀, kí ẹ tó kọjú sí ilẹ̀.